Mo Dìde Nínú Sinimá

Laurelton, Queens, New York
Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Kejì, 2025

Àwẹ̀ró mi,

Kí n tó sọ ohunkóhun, jẹ́ kí n ka àwọn tí Ọlọ́run fi kún wa. Kànmí, ọmọ àbúrò mi tó ń gbé ní University Heights, ìyàwó rẹ̀ ti bí ọkùnrin. Èmi ni mo lọ wẹ ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Orí rẹ̀ gún bíi ti bàbá rẹ̀, a sì ti ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ sí bó ṣe yẹ. Simbiat tí a jọ ń gbé àdúgbò tẹ́lẹ̀ ti ṣe ìgbéyàwó ní Staten Island. Ọkọ̀ ojú omi ni gbogbo wa wọ̀ lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ọmọ Susan, aládùúgbò wa tó wá láti Jàmáíkà, bí ìbejì, obìnrin ni méjèèjì. Lẹ́yìn Àjíǹde, ìwọ àti Lékè ni n ó kọ́kọ́ dárúkọ.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé bàbá rẹ ti yéé jẹ iyọ̀ púpọ̀? Kí Lékè fún mi. Kí ìyá rẹ̀ àgbà náà, Ìyá Oyèkúnlé ọ̀rẹ́ mi. Sọ fún un pé láti ọjọ́ tí èmi àti òun ti jọ ń kọrin ní ẹgbẹ́ akọrin ni mo ti ń gbàdúrà pé kí àwa méjèèjì di àna ara wa, Ọlọ́run sì ti gbọ́.

Mo mọ̀ pé o ó béèrè ìdí tí n kò fi pè. Bí mo bá pè, gbogbo ilé yín ni yóò máa dá sí ọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, n kò lọ kíláàsì àgbà lọ́dọ̀ Tíṣà Doyin fún ọdún kan gbáko kí n wá máa fi ẹnu sọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ kọ. Démi, ọmọ Rìnsọ́lá àbúrò bàbá rẹ, ni yóò ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò, tí yóò sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè kà á, nítorí náà ọ̀rọ̀ wa bò. Ìwọ náà, fi ọwọ́ kọ tìrẹ, kí o yà á. Wọn yóò tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi ní láíbúrárì, ní gàdàgbà gàdàgbà, bí ojú mi ṣe fẹ́ ẹ.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an rèé, ẹnu sì ń yà mí di ìsinsìnyí.

Démi ṣe ìdánwò tán ní yunifásítì rẹ̀, ó ní kí n jẹ́ kí a lọ wo fíìmù. Mo bi í pé irú fíìmù wo. Ó ní fíìmù ìfẹ́. Mo ní kó máa lọ. Kí ni n ó wá wò níbẹ̀? Ọkùnrin kan, obìnrin kan, wọn yóò jà, wọn yóò parí ìjà, wọn yóò fẹnu kora wọn lẹ́nu. Èmi tí mo wà nílé ọkọ fún ogójì ọdún ó lé. Ó ní owó tíkẹ́ẹ̀tì àwọn àgbàlagbà kì í pọ̀ ní ọjọ́ Túsìdeè. Mo ní kò burú, n ó lọ sùn níbẹ̀. Mo tilẹ̀ mú ìborùn dání tí n ó fi bo ẹsẹ̀.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan wà tó jẹ́ lọ́yà ní ìlú ńlá, ó fẹ́ fẹ́ lọ́yà ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí eyín rẹ̀ ń dán, tí kì í gbé fóònù kúrò létí. Bàbá obìnrin náà ti kú, ó wá lọ sí ìlú kékeré kan nínú yìnyín láti lọ ta ilé tí bàbá fi sílẹ̀. Bó ṣe débẹ̀, kápẹ́ńtà kan wà lórí òrùlé. Kápẹ́ńtà náà rí i pẹ̀lú ẹrù, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó gbé àpótí rẹ̀ wọlé kó tó bi í léèrè orúkọ rẹ̀.

Mo fi ìgúnpá ta Démi. Mo ní, "Ọkọ rẹ̀ nìyẹn."

Ó ní, "Gíráńmà, fíìmù yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni o."

Mo ní èyí kò kàn mí. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Mo ní ajá bàbá olóògbé yẹn yóò sọnù. Ajá sọnù. Mo ní kápẹ́ńtà ni yóò bá a wá a rí. Òun ló bá a wá a rí. Mo ní yìnyín yóò sé wọn mọ́lé pọ̀ ní alẹ́ kan. Àwẹ̀ró, yìnyín sé wọn mọ́lé. Kò sí ohun kan tí wọ́n ṣe tí n kò ti sọ ṣáájú kí wọ́n tó ṣe é.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé mo mọ̀ ọ́n tán, síbẹ̀ àyà mi ń já. Gúgúrú wà lọ́wọ́ mi, n kò rántí pé mo ní ẹnu. Nígbà tí kápẹ́ńtà kun yàrá bàbá obìnrin náà ní ọ̀dà láìjẹ́ kó mọ̀, omijé ń dà lójú mi. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: mo ń sunkún, mo ń wò. N kò ronú oorun rárá.

Ó wá di ọjọ́ ìgbéyàwó. Obìnrin náà ti padà sí ìlú ńlá, ó wọ aṣọ funfun, ọkọ eléyín dídán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pásítọ̀ béèrè ìbéèrè tí gbogbo wa mọ̀, pé bí ẹnikẹ́ni bá rí ìdí tí kò fi yẹ kí a so àwọn méjèèjì yìí pọ̀, kó sọ ọ́ nísinsìnyí. Ní ìjọ wa nílé, ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni wọ́n máa ń ké orúkọ àwọn méjèèjì, tí wọ́n sì máa ń béèrè rẹ̀, kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó kò. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò gbọ́ rí kí ẹnìkan dáhùn. A máa ń wúkọ́, a máa ń wo àjà, Fíkà tó jẹ́ àlùfáà wa a sì máa bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó wà nínú fíìmù náà dákẹ́. Ọkọ̀ kápẹ́ńtà ti há sínú yìnyín lójú ọ̀nà. Mo wo ojú ọmọbìnrin yẹn.

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní, "Èmi rí ìdí. Ọmọ yìí kò fẹ́ ẹ." Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, ohùn tí mo sì fi ń pe ewúrẹ́ wálé ni mo fi sọ ọ́.

Gbogbo sinimá yí orí padà. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín, obìnrin kan lẹ́yìn wa ń pàtẹ́wọ́, ó ní kí Màmá máa sọ ọ́ lọ. Démi ń fa ìró mi nílẹ̀, ó ń bẹ̀ mí, ó ní, "Gíráńmà, ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́, fíìmù ni." Nígbà tí mo fi máa jókòó tán, obìnrin náà àti kápẹ́ńtà ti ń fẹnu kora wọn lẹ́nu.

Títí di òní, Rìnsọ́lá ṣì ń fi mí ròyìn fún gbogbo ìjọ. Ẹnu ń ya àwọn náà, ṣùgbọ́n tèmi ló ju ti gbogbo wọn lọ. Èmi tí mo máa ń fi ojú bá àwọn ọmọdé wí tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nínú ìsìn. N kò mọ̀ pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ wà nínú mi.

Kọ̀wé sí mi kíákíá. Sọ ọjọ́ tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké orúkọ yín ní ìjọ fún mi, kí n lè máa ka ọjọ́ náà bọ̀. Bí ẹnìkan bá ń bọ̀, fi irú àti ọṣẹ dúdú rán an sí mi. Irú ibí yìí kò rùn, èyí tí kò bá sì rùn, irú wo nìyẹn?

Èmi ni ìyá rẹ àgbà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́,
Lucy Olúsànmí


Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà
Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kẹta, 2025

Màmá àgbà mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú òtútù. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Gbogbo wa wà dáadáa. Iyọ̀ tí bàbá mi ń jẹ kò dín kù, ṣùgbọ́n ó ní ó ti dín kù. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ń kí yín. Mo fi fọ́tò yín hàn wọ́n, ọ̀kan ní ẹ jọ ọba obìnrin.

Ọwọ́ ìkọ̀wé yín ti dára ju ti bàbá mi lọ. Mo ka ti àwọn tó bímọ àti àwọn tó ṣe ìgbéyàwó sí àwọn ará ilé létí, inú wọn dùn. N kò ka èyí tó kù.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí, ni Fíkà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké orúkọ wa. Ìyá Oyèkúnlé wá lánàá, wọ́n gbé aṣọ funfun kan wá, wọ́n ní tiyín àti tiwọn ni, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó jọ wọ̀ ọ́. Wọ́n jó díẹ̀ fún wa ní pálọ̀. Lékè náà wá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi gbalaja.

Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kà á pé ajá sọnù. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti dìde, ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu mi. Mo kà á, mo tún un kà, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ pọn omi tí kò sí ẹni tó rán mi.

Màmá àgbà, ẹ dákun, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Obìnrin inú fíìmù yẹn kò mọ orúkọ yín. Ẹ kò wẹ̀ ẹ́ rí. Ẹ wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ mọ̀ pé kò fẹ́, ẹ sì dìde fún un láàárín àwọn àjèjì. Èmi tí ẹ tọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ yín gan-an ni mo jókòó sí lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ní Kérésìmesì tí ẹ wálé. Aṣọ wa ń kan ara wọn.

Kí ni ẹ rí lójú tèmi?

Irú ti wà nílẹ̀. N ó wá ẹni tí n ó fi rán.

Ọmọ yín,
Ìníọlá


Laurelton
Ọjọ́rú Eléérú, ọjọ́ karùn-ún, Oṣù Kẹta, 2025

Ìníọlá,

Mo pe orúkọ rẹ báyìí kí o lè mọ̀ pé n kò ṣeré. Mo kí ọ, mo kí ilé. Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á, mo rò pé n kò kà á dáadáa ni. Mo lọ bá Tíṣà Doyin, mo fi ọwọ́ bo òkè àti ìsàlẹ̀ ìwé, mo ní kó ka gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn fún mi. Ohun tí mo kà náà ló kà. Mo jókòó sórí àga àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi.

Ta ni?

Dárúkọ rẹ̀ fún mi. Obìnrin kì í ṣàdédé sọ pé òun kò fẹ́ ọkọ, ó ní ẹni tó ń bẹ níbì kan. Ṣé olùkọ́ ilé ìwé rẹ ni? Ṣé ọmọkùnrin tó wá tún iná ṣe nílé yín lọ́jọ́ ọdún ni? Mo rí i bó ṣe ń béèrè omi lọ́wọ́ rẹ. Ṣé ó níṣẹ́? Ṣé ó ti láya?

Kí ni Lékè ṣe? Kì í mutí. Òun ló ń gbé ìyá rẹ̀ àgbà lọ sí ọsibítù. Ìyá Oyèkúnlé yẹn, nígbà tí bàbá rẹ àgbà kú, ilé wa ló sùn fún ogójì ọjọ́, òun ló ń fi ṣíbí bu oúnjẹ sí mi lẹ́nu. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí ló dé tí o kò wò ó láti òkèèrè? Àwọn ènìyàn ti ra aṣọ, bàbá rẹ ti san owó àga àti ìbòòji, o wá ń bi mí pé kí ni mo rí lójú rẹ.

N ó dá ọ lóhùn. N kò kàn mú ọ fún ẹnikẹ́ni. Mo pè ọ́ wọ yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo ní, "Ṣé o fẹ́ ẹ?" O wo ilẹ̀. O ní, "Bí ẹ bá ti ní ó dára, Màmá àgbà, ó dára." Inú mi dùn, mo ní ọmọ tí mo kọ́ ní ẹ̀kọ́ rèé. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í la ẹnu gbàgà níwájú àgbà pé òun fẹ́ ọkùnrin. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe dáhùn nígbà tèmi, bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe dáhùn. Kí ni kí n tún máa retí?

Dárúkọ ọkùnrin náà.

Lucy Olúsànmí


Laurelton
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹta, 2025

Ìníọlá,

Ṣé dáadáa ni? Démi fi fóònù hàn mí, ó ní àmì búlúù méjì tí mo ń wò yẹn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé o ti ka lẹ́tà mi láti ọjọ́ tí mo ti kọ ọ́. Mo ń wo àmì náà bí ẹni ń wo ilẹ̀kùn.

Bàbá rẹ pè wá lánàá. Ọ̀rọ̀ ìbòòji ló ń sọ, ó ní wọ́n fẹ́ fi èyí tó ní òdòdó ṣe é. Mo ní Ìníọlá ńkọ́. Ó ní o wà, o ń fọ abọ́. Mo ní kó gbé fóònù fún ọ, ó ní o ní ọwọ́ rẹ kún fún ọṣẹ.

Bó bá jẹ́ pé ohùn mi le nínú lẹ́tà yẹn, bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún rèé. Ẹni yòówù kó jẹ́, n kò ní pariwo. Sọ fún mi.

Ìyá rẹ àgbà


Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà
Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹta, 2025

Màmá àgbà mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ foríjì mí pé n kò tètè fèsì. Mo ń wá orúkọ tí ẹ ní kí n dá. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo rò ó títí, pé tí mo bá lè rí ọkùnrin kan dárúkọ, ọ̀rọ̀ náà yóò yé yín, bóyá yóò tilẹ̀ yé èmi náà.

Kò sí ọkùnrin kankan. Kò sí kápẹ́ńtà. Ọmọ tó tún iná ṣe, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́.

Lékè kò ṣẹ̀ mí. Bó bá ń lù mí, bó bá ń mutí, n bá ti rí ẹjọ́ rò fún bàbá mi. Èèyàn dáadáa ni. Bó bá wọlé, inú mi kì í dùn, inú mi kì í bàjẹ́. Ó máa ń dà bí ẹni pé ẹni tó wá ka mítà iná ló wọlé: mo máa ń kí i, mo máa ń fún un ní àga, mo sì máa ń retí pé kó kà á tán kó máa lọ. Ìyẹn ni mo ń rò pé n ó máa ṣe títí n ó fi darúgbó. Mo bi í pé kí ló rí lára mi, ó ní ìyá òun àgbà ní mo gbẹ̀kọ́. Màmá àgbà, mo rò pé wọn kò bi òun náà léèrè.

Lánàá ni Fíkà ka orúkọ wa. "Adélékè Oyèkúnlé, àpọ́n, àti Ìníọlá Olúsànmí, omidan, àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ìjọ yìí. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé." Ó béèrè ìbéèrè náà. Ẹnìkan wúkọ́. Ó dà bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń dúró dè. Mo la ẹnu mi, òtítọ́ ni mò ń sọ fún yín, mo là á. Ìyá Oyèkúnlé rò pé ayọ̀ ni, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n fún un mọ́ra. Mo pa ẹnu mi dé.

Ìgbà kejì ni ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀.

N kò ní kí ẹ ṣe ohunkóhun. Ẹ kàn dáhùn ìbéèrè kan fún mi. Ojú obìnrin fíìmù yẹn tí ẹ wò, kí ni ẹ rí níbẹ̀ gan-an tí kò sí lójú tèmi? Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìníọlá yín


Laurelton
Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹta, 2025

Àwẹ̀ró mi,

N ó kí ọ nígbà mìíràn. Jókòó, kí o kà á.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, mo rò pé mo mọ ìdáhùn. Mo mú ìwé, mo fẹ́ kọ ohun tí mo rí lójú obìnrin yẹn, ọwọ́ mi dúró. N kò rántí ohun kan. Mo bi Démi bóyá fíìmù náà ṣì wà. Ó ní wọ́n fẹ́ gbé e kúrò lọ́sẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ Túsìdeè mo dá wọ bọ́ọ̀sì, mo dá ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo jókòó.

Ìyàlẹ́nu àkọ́kọ́: mo tún gbádùn rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, òye ni mo fi mọ ohun tó ń bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ojú mi ti rí i, síbẹ̀ mo tún di àga mú nígbà tí ajá sọnù. Mo bá ara mi wí, mo ní Lucy, o mọ̀ pé wọn yóò rí ajá yìí. Ara mi kò gbọ́.

Ó wá di ibi ìgbéyàwó. Mo fi ìborùn di ẹnu mi. Mo wo ojú obìnrin náà, mo wò ó bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ọmọ mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wo ilẹ̀, bí gbogbo ìyàwó ṣe ń wo ilẹ̀. Ẹ̀rín kékeré wà lẹ́nu rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń kí àlejò. Bí mo bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, n bá ní ìyàwó yìí gbẹ̀kọ́. Ìyá àgbà kan tilẹ̀ wà ní ìjókòó iwájú, ó dé fìlà olódòdó, ó ń rẹ́rìn-ín sí i, ó ń mi orí. N kò rí obìnrin yẹn rárá nígbà àkọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí n kò rí ẹlòmíràn mọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbẹ̀, orí ọmọ wọ́, àgbà ń rẹ́rìn-ín.

Báwo ni mo ṣe wá mọ̀ pé ọmọ náà kò fẹ́ ẹ? Ohun tó mú òógùn bò mí nìyẹn, nínú òtútù. Mo mọ̀ nítorí pé wọ́n ti fi í hàn mí nígbà tó dá wà. Mo ti rí i níwájú ààrò nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò ó, mo ti rí i tó ń rẹ́rìn-ín nínú yìnyín, mo ti rí i tó jókòó sórí ibùsùn bàbá rẹ̀. Ojú kọ́ ló sọ ọ́ fún mi. Ìwọ tí mo tọ́, ìgbà tí mo bá wà níbẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ ọ́, ìwọ sì rèé, bí mo bá ti wà níbẹ̀, o ti wo ilẹ̀. Ohun tí mo fi ń yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi nìyẹn.

Ìyàlẹ́nu kejì wá dé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo rò pé kápẹ́ńtà ló wá gbà á sílẹ̀. Irọ́ ni. Pásítọ̀ béèrè, gbogbo wọn dákẹ́, ìyàwó fúnra rẹ̀ ló gbé orí sókè tó ní òun rí ìdí. Kápẹ́ńtà kò tíì dé rárá. N kò gbọ́ ọ ní ọjọ́ yẹn, nítorí mo ti dìde, mo ń sọ tèmi. Ariwo mi ni kò jẹ́ kí n gbọ́ tirẹ̀.

Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi tan iná, títí ẹni tó ń gbálẹ̀ fi bi mí léèrè bóyá ara mi yá.

Lánàá mo pe Fíkà yín. Mo ní mo fẹ́ fi ìdí sílẹ̀ tí kò fi yẹ kó so Adélékè àti Ìníọlá pọ̀. Ó bi mí bóyá ẹbí ni yín. Mo ní rárá. Ó bi mí bóyá Lékè ti láya níbì kan. Mo ní rárá. Ó ní, "Màmá, ìdí wo ló wá kù?" Mo ní ọmọ náà kò fẹ́ ẹ.

Ó ní ìdí yẹn tóbi ju gbogbo èyí tí òun kà sílẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun kò lè gbà á lẹ́nu mi. Ó ní bí òun bá gbà á lẹ́nu mi, ohun tí mo ṣe nígbà tí mo fà ọ́ fún wọn náà ni mo tún ń ṣe. Ọmọkùnrin kékeré yẹn tí mo mọ̀ láti ìgbà tó ti wà ní ẹgbẹ́ akọrin ló ń bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì tọ́. Ó ní kí o wá bá òun lọ́la, Sátidé, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, ìwọ nìkan. Bí o bá sọ ọ́ fún òun, òun kò ní ka orúkọ yín lọ́jọ́ Àìkú, òun kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Mo pe bàbá rẹ. Olúṣèyí pariwo. Ó ní ṣé fíìmù Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ gbé wọ ilé òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ojú wo ni òun yóò fi wo àwọn Oyèkúnlé. Mo ní kó fi ojú tirẹ̀ sílẹ̀, èmi ni mo lọ bá wọn, ojú mi ni wọn yóò wò. Mo ní títí tí o ó fi ti ọ̀dọ̀ Fíkà dé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bẹ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ọ wí. Ó gbà. Kò gbà tinútinú, ṣùgbọ́n ọmọ mi ni, ó gbà.

Mo pe Ìyá Oyèkúnlé gbẹ̀yìn. Mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò fi ohun kan pamọ́. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Lucy, mo ti gé aṣọ wa." Ó gbé fóònù sílẹ̀. Mo pè é padà, kò gbé e. Má ṣe gbé ìyẹn lé ara rẹ. Ọ̀rẹ́ mi ni, èmi ni n ó wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bí mo bá wálé, títí yóò fi ní kí n wọlé.

Bí o bá dé ọ̀dọ̀ Fíkà, tí o rí i pé Lékè lo fẹ́, sọ bẹ́ẹ̀. N ó wá, n ó jó. Bí kì í bá ṣe òun, sọ ìyẹn. Bí o kò bá tíì mọ̀, sọ pé o kò tíì mọ̀. Má wo ilẹ̀. Ti obìnrin fíìmù, mo mọ ibi tó ń lọ kí gúgúrú mi tó tutù. Tìrẹ, n kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù sì ń bà mí bí n kò ṣe mọ̀ ọ́n yìí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni wọ́n jẹ́ kí n ka ẹ̀kọ́ kejì sétí ìjọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹnu mi kò kọsẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ fi owó kí mi, wọ́n ń fi sínú Bíbélì mi. Rìnsọ́lá yóò fi gbogbo rẹ̀ sí àkáǹtì rẹ ní ìrọ̀lẹ́ òní. Kì í ṣe owó aṣọ ìyàwó, kì í sì ṣe owó ìtanràn fún ẹnikẹ́ni. Tìrẹ ni, bí o bá ṣe ìgbéyàwó àti bí o kò bá ṣe é. Dọ́là ọgọ́jọ ni.

Ìyá rẹ àgbà,
Lucy